Òrùlé Tí Àwọn Àna Jókòó Lé

Kí n tó wọ ọkọ̀ èyíkéyìí lónìí, mo máa ń na ọwọ́ sókè, mo máa ń tẹ òrùlé rẹ̀ wò. Àwọn ọmọ mi kórìíra àṣà yìí. Wọ́n ní mo ń dójú ti àwọn ní gáréèjì Ìkàrẹ́, pé bí ẹni tó ń yan àgbọn lọ́jà ni mo ṣe ń gbá ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lórí. Wọn kò sí láyé nígbà tí àgbàlagbà méje gun orí lọ́rì, tí wọ́n jẹ iṣu sísun níbẹ̀, tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé àwọn ti yẹ ọkọ̀ wò.

Ìgbà tí mò ń wí yìí, ìjọba òyìnbó ṣì dà bí àlejò tí kò tíì mọ ibi tí à ń gbé ìkòkò omi sí. Títì ti dé Ọ̀kà, ó ti Ọ̀kà dé Ìkàrẹ́. Àwa ni a fi ọwọ́ wa là á, Ajẹ́lẹ̀ ni ó ń gba ìkíni. Èmi jẹ́ tíṣà kékeré ní ilé ìwé ìjọ kan ní Ọ̀kà. Ọmọ ìmàle Ìkàrẹ́ ni mí. Bí mo bá lọ sílé, mo ń kírun lẹ́yìn bàbá mi. Bí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́, mo ń dá orin ìsìn fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. N kò rò pé ó dun Ọlọ́run tó bí ó ṣe ń dun àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ni kò jẹ́ kí n tọrọ àyè láti padà sí ìlú mi. Ó ń hun kíjìpá àti ọ̀já ìpọnmọ lórí òfì ìdúró tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì le débi pé àwọn obìnrin máa ń sọ pé ọ̀já rẹ̀ yóò pọn ọmọ mẹ́fà kí ó tó gbó. Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì náà, n óò máa sọ̀rọ̀ ìwé. Kì í gbé ojú sókè. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Tíṣà, ẹ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi lọ́wọ́.” Mo mú un gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́, mo sì rán àwọn ènìyàn mi sí bàbá rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni káfíńtà tó lókìkí jù ní Ọ̀kà. Wọ́n ní bí ó bá kan òrùlé fún ọ, ilé ni yóò kọ́kọ́ wó kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, ẹnu rẹ̀ kún fún ìṣó nígbà gbogbo, bí ó bá sì fẹ́ bú ènìyàn, á kọ́kọ́ tu ìṣó sọ́wọ́ kí èébú lè jáde dáadáa. Kò kọ̀ mí, kò sì gbà mí. Ó ní kí n máa bọ̀, kí òun máa wò mí.

Ní àkókò yẹn ni àlùfáà ìmàle kan tó ń ta obì ní Ìkàrẹ́ ra lọ́rì. Lọ́rì ìgbà náà kò dé bí ti òní. Ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìjókòó dírẹ́bà, àti egungun irin gígùn méjì lẹ́yìn, bí ẹja tí wọ́n ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán. Àwa ni a óò fi igi ṣe ìyókù. Àlùfáà gbé e wá bá káfíńtà wa. Káfíńtà kò ṣe irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó ní, “Ilé náà ni. Ilé tó ń rìn.”

Ilé ló sì kọ́. Òpó mẹ́fà tó dúró ṣánṣán, igi àjà lórí wọn, òrùlé pákó ìrókò tó nípọn, páànù lórí gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí i tí kò kan sáárá sí i.

Ṣùgbọ́n ní agbo ilé káfíńtà, òrùlé kì í parí títí àwọn àna yóò fi jókòó lé e. Bí wọ́n bá ti kan igi tán, kí wọ́n tó da koríko bò ó, káfíńtà á pe àwọn àna rẹ̀, wọn á gun òkè, wọn á jókòó, wọn á jẹun níbẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tó fi jẹ́ àna. Ó tu ìṣó sọ́wọ́. “Bí ọmọ ìyá ẹni bá já bọ́, ó lè bo àṣírí. Àna kò ní dákẹ́.”

Ọjọ́ tí lọ́rì parí, ó ránṣẹ́ pè mí. Inú mi dùn. Bí wọ́n bá ti pe ènìyàn láti bá àwọn àna gun òrùlé, ó ku díẹ̀ kí ó di àna. Mo wọ agbádá kan ṣoṣo tí mo ní, mo fi àkàbà gun orí lọ́rì níwájú gbogbo Ọ̀kà. Àwa mẹ́jọ ni. Ẹni tó tóbi jù ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó káfíńtà, oníṣòwò iṣu tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ńlá, kì í sì í ṣe nítorí ọjọ́ orí. Wọ́n gbé iṣu sísun àti epo sí wa láàárín. Àlùfáà àti dírẹ́bà rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ńlá na ọwọ́ sí àwo epo. Bí ó ṣe fì sí òsì, gbogbo òrùlé fì tẹ̀ lé e, bí ìwọ̀n ìka kan, ó sì padà. Ẹlòmíràn kò fura. Èmi fura, nítorí pé títún bẹ́ǹṣì ilé ìwé ṣe wà lára iṣẹ́ mi. Mo ti rí bẹ́ǹṣì tó gbé ọmọ mẹ́wàá ní ọdún mẹ́ta tí kò ké. Ìwúwo kọ́ ni ó ń pa bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbàdí ti ara wọn, tí ọ̀kan ń lé èkejì lọ sípẹ̀kun, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣẹ́. A máa ń kan igi kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ kan dé òkè ẹsẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ á tán. Lọ́rì yìí kò ní irú igi bẹ́ẹ̀ kankan.

Ì bá ṣe pé mo jẹ iṣu mi, tí mo sì dákẹ́, ayé mi ì bá rọrùn. Mo ní, “Bàbá, ó ń mì.”

“Kí ni ó ń mì?”

“Òrùlé yìí ni.”

“Ìwọ ni o ń mì. Ebi ń pa ọ́. Ẹ fún un níṣu.”

“Ó gbé wa lóòótọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńkọ́? Bí ọkọ̀ bá lọ takìtì—”

Gbogbo ẹnu dúró. Àlùfáà ké “Àsìtàfírúlà!” nísàlẹ̀. Dírẹ́bà fi ọwọ́ méjèèjì bo etí. Ìyá Ńlá gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i kí ó ṣe rí.

Káfíńtà tu ìṣó sọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. “Lórí ọkọ̀ titun,” ni ó wí. “Pẹ̀lú iṣu mi lẹ́nu rẹ. Sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ṣépè fún iṣẹ́ ọwọ́ mi kò lè fẹ́ ọmọ mi.”

Mo sọ̀ kalẹ̀. Agbádá kọ́ àkàbà, ó ya. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òfì bí mo ṣe ń kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọbìnrin náà gbé ojú sókè, ó kàn mi orí ni, ó tún tẹ̀ ẹ́ ba.

Lọ́rì náà ṣiṣẹ́ títí ìgbà òjò fi dé. Ilé ìwé wa wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí títì gbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, mo sì máa ń gbúròó ọkọ̀ náà láti kíláàsì. Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́ kan, ó kọjá pẹ̀lú ẹrù iṣu Ìyá Ńlá, òun fúnra rẹ̀ lórí ẹrù, àti káfíńtà lẹ́yìn níbẹ̀. Àlùfáà ti ní kí ó wá jókòó lọ́dọ̀ dírẹ́bà, ó kọ̀. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni ó fẹ́ jókòó sí.

Dírẹ́bà yẹn, ní Èkó ni ó ti kọ́ ọkọ̀ wíwà, níbi tí ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dé kọ́nà abẹ́ àpáta, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan yọ̀ sínú gọ́tà. Mo rí i láti ojú fèrèsé. Kò yára rárá. Ọkọ̀ náà fì, ó dúró díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí, ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún yí kọjá, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, wọ́n ṣì ń yí.

Nígbà tí a sáré débẹ̀, òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, wọ́n tò bí àwọn tó rúkúù lẹ́yìn lèmọ́mù. Òrùlé fúnra rẹ̀ kò sán. Ìyẹn ni ó burú jù. Pákó ìrókò náà wà digbí, ara ọkọ̀ sì ti wó lé e lórí, ẹrù àti ènìyàn ni ó wà láàárín méjèèjì. Ohun tó dá wọn sí ni iṣu. Òkìtì iṣu ni ó dúró gbọingbọin níbi tí òpó ti sá. Dírẹ́bà ti yọ jáde, ojúgun rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá Ńlá ti jáde pẹ̀lú, ó ń ké.

“Iṣu mi o!”

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ọkọ̀. “Èmi nìyí o!”

“Mo gbọ́ ẹ. Iṣu ni n kò rí!”

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣu jáde kí wọ́n lè ráyè fa káfíńtà. Mo ké pé kí wọ́n fi ọwọ́ kúrò, pé iṣu ni òpó báyìí, kí wọ́n lọ gé igi wá. Ìyá Ńlá wò mí. “Ó ti ń pàṣẹ fún iṣu mi.” Ṣùgbọ́n ó lé àwọn ọkùnrin náà sẹ́yìn, ó sì fi ara rẹ̀ dí ọ̀nà.

Mo dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Ojú káfíńtà ni mo rí, ní ìdojúdé, pẹ̀lú eruku iṣu ní irùngbọ̀n.

Ó ní, “Tíṣà, má sọ ọ́.”

“N kò tíì sọ nǹkan kan, Bàbá.”

“Mo ń gbọ́ bí o ṣe ń mí.”

A fi igi gbé ọkọ̀, a fà á jáde. Apá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n dúpẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó jẹ̀bi. Àlùfáà ní kádàrá ni. Katikíìsì ìjọ tó ni ilé ìwé wa ní ẹmu ni. Ajẹ́lẹ̀ dé láti ìlú kejì, ó wo lọ́rì náà fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbà wá nímọ̀ràn pé kí àwọn ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn. Dírẹ́bà ní ẹnu tíṣà ni. Ti dírẹ́bà ni ó tà jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí mo bá ń kọjá lọ, àwọn obìnrin á fi aṣọ bo ìkòkò ọbẹ̀ kí n má bàa sọ nǹkan sí i.

Mo lọ kí káfíńtà. Wọ́n ti fi ọ̀pá di apá rẹ̀. Kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí kò wọ fìlà.

“Sọ ọ́ báyìí,” ni ó wí.

Mo sọ ọ́. Mo ṣàlàyé bẹ́ǹṣì, mo fi igi ṣáná mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ, mo ti orí rẹ̀, ó wó. Mo fi ìkarùn-ún dábùú rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mo tún tì í, ó dúró. Ó gba igi ṣáná náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ òsì tì í fúnra rẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá.

“Ọmọdé ilé ìwé ni ó kọ́ ọ ní èyí?”

“Ìbàdí wọn ni, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín, apá sì dùn ún, ó bú mi. Lẹ́yìn náà ó là á yé mi. N kò lè rí ọmọ rẹ̀ fẹ́, nítorí ẹnu mi wọ gbogbo ìlú létí. Òun náà kò sì ní orúkọ mọ́, nítorí òrùlé rẹ̀ wó lé òun fúnra rẹ̀ lórí. Nítorí náà, ẹnu tèmi àti ọgbọ́n tirẹ̀ ni a óò fi ṣe bọ́dì mìíràn fún lọ́rì náà. Bí ó bá dúró, mo di àna. Bí ó bá wó, kí n padà sí Ìkàrẹ́, kí n máa tọ́jú ẹnu mi níbẹ̀.

Nígbàkigbà tí ilé ìwé bá ti jáde, mo di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ń jókòó sórí àpótí, ó ń bú bí mo ṣe ń mú òòlù. “Ṣé ìṣó ni o ń kàn ni àbí o ń bẹ̀ ẹ́?” A fi igi onídàgẹ̀rẹ̀ sí àárín gbogbo òpó, a fi irin pẹlẹbẹ so igi àjà mọ́ òpó, òpó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Òrùlé náà fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún kí ó tó gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó parí, kò pe àwọn àna láti gun òkè. Ó ní, “Ọjọ́sí, òkè ni wọ́n jókòó sí. Àna yóò jókòó sínú báyìí.” Lẹ́yìn agbo ilé wọn, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, koríko sì pọ̀ níbẹ̀. Wọn yóò ti bọ́dì náà yí láti òkè, kí wọ́n tó gbé e lé lọ́rì. Èmi yóò wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó mọ ẹnu mi ni ó wá. Káfíńtà rìn yí bọ́dì ká. Ẹ̀rù ti ń bà á. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “Tíṣà, a lè fi àpò iyanrìn sí i. Kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́. Mo ti la ẹnu láti gbà nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde láti ẹ̀yìn òfì pẹ̀lú ọ̀já titun méjì léjìká. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wọ inú bọ́dì náà, ó fi ọwọ́ gbá igi kọ̀ọ̀kan, ó yíjú sí mi.

“Ẹ wọlé, ẹ jókòó ti òpó yìí.”

Mo wọlé. Ó gba ọ̀já kan yí mi láyà mọ́ òpó, ó gba èkejì yí mi ní ìbàdí, ó fi orúnkún tì mí lẹ́yìn, ó sì fà á títí èémí mi fi kúrú. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín níta.

“Ẹ wá wo ọmọ ńlá!” Dírẹ́bà ni.

Ìyá Ńlá ní, “Ìyá ọmọ, fún un lọ́yàn kí ó tó sùn!”

Ìyá ọmọbìnrin náà pàápàá kò lè dákẹ́. “Ta ni ó kọ́ ọ pé báyìí ni à ń gbé ọkọ?”

Ó ta ọ̀já náà ní kókó. “Ìṣó ni Bàbá fi ń kan igi tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo ní nìyí. Ibi tí mo bá fi í sí ni n óò bá a.” Ó bọ́ sílẹ̀.

Mo gbọ́ tí àlùfáà ń ka nǹkan, mo gbọ́ tí katikíìsì ń ka òmíràn láti borí rẹ̀. Wọ́n tì wá. Mo fẹ́ sọ pé mo ronú nípa ìgbàgbọ́, tàbí nípa ọmọbìnrin náà. Agbádá mi tó ya ni mo rántí, pé n kò tíì rán an. Ayé dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Igi gbogbo ké lẹ́ẹ̀kan náà. Fìlà mi já bọ́ sórí òrùlé, mo sì rí àwọn àna mi tí wọ́n fi orí dúró nínú koríko, Ìyá Ńlá láàárín wọn bí àpáta tó so mọ́ ojú ọ̀run. Ọ̀já náà fà mí, kò tú. A tún yí lẹ́ẹ̀kan, a yí ààbọ̀, ohun gbogbo sì dúró.

Ìdojúdé ni mo so rọ̀ sí. Àwọn òpó dúró ṣánṣán. Kò sí èyí tó rúkúù.

Orí káfíńtà yọ ní ojú fèrèsé. “Tíṣà. Ṣé o wà?”

“Mo wà.”

“Ó yá, sọ ọ́. Ìwọ ni ọjọ́ yẹ. Sọ ọ́!”

Mo la ẹnu, mo sì bì gbogbo iṣu àárọ̀ mi sí i ní irùngbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyẹn. Ó nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó yíjú sí àwọn ènìyàn, ó ní, “Ẹ wá tú àna mi.” Ọmọbìnrin náà kò jẹ́ kí ẹlòmíràn tú u.

Orúkọ tí wọ́n sọ mí lọ́jọ́ náà kò kúrò lára mi mọ́. Àpọ̀nfẹ́. Ọkọ tí ìyàwó kọ́kọ́ pọ̀n kí ó tó fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo ti di géńdé oníyàwó, tí mo lọ sí yunifásítì, olùkọ́ òyìnbó kan ya onígun mẹ́ta sí pátákó láti fi hàn wá bí igi ṣe ń gba agbára. Mo rẹ́rìn-ín débi tó fi bi mí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìbàdí àwọn ọmọ ilé ìwé fún ọkùnrin náà?

Lọ́rì àlùfáà takìtì lẹ́ẹ̀mejì sí i, nítorí òrùlé dáradára kò kọ́ dírẹ́bà lọ́gbọ́n. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni àwọn èrò rẹ̀ jáde fúnra wọn, tí wọ́n ń bú u. Káfíńtà ṣe bọ́dì títí ó fi darúgbó, kò sì ṣe ọ̀kan láìsí igi onídàgẹ̀rẹ̀. Ó máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ni òun rò ó.

Ìyàwó mi lọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀kà ni a sin ín sí, lẹ́bàá ilé bàbá rẹ̀. Lóṣooṣù ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkàrẹ́ lọ síbẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì yìí, bí mo bá fi àtàńpàkò tẹ òrùlé wọn, ó ń lọ sínú, ó ń pariwo bí agolo mílíìkì. Wọ́n kun ún dáadáa, wọ́n kọ orúkọ Ọlọ́run sí i lára, kọ́nà abẹ́ àpáta sì wà níbi tó wà.

Ní oṣù tó kọjá, dírẹ́bà kan wò mí bí mo ṣe jókòó tán, tí mo mú ọ̀kan nínú ọ̀já ìyàwó mi jáde nínú àpò, tí mo gbà á yí ara mi mọ́ irin ìjókòó. Ọ̀já náà ti ṣá, kò tíì gbó. Ó ti pọn ọmọ mẹ́fà, bí wọ́n ṣe wí.

Dírẹ́bà ní, “Ha, Bàbá! Ta ni wọ́n pọ̀n?”

“Èmi ni,” mo wí. “Rọra máa wà á. Ìyá mi ń dúró dè mí ní Ọ̀kà.”